Ogún Tí A Kò Pín: Ohun Tí Fátúmbí Verger Fi Sílẹ̀, àti Ohun Tí Àwa Awo Yóò Fi Sílẹ̀

   

Nígbà tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ogún, mo kọ́kọ́ rò pé bí a ṣe ń pín ogún ni wọ́n fẹ́ kí n sọ. Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní ohun tí àwọn fẹ́ gbọ́ ni ọ̀rọ̀ ogún tí a kì í pín: ohun ìní tí ènìyàn yà sọ́tọ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì là, pé bí òun kò bá sí mọ́, kí ó di ti ìlú, tàbí ti aláìní, tàbí ti àwọn tí yóò kọ́ iṣẹ́ tí òun ṣe. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, nítorí mo ti fi ojú ara mi rí ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a kò bá ṣe é. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà láti sọ ọ́.

Ogún tí Ọ̀rúnmìlà fi sílẹ̀

Gbogbo awo tí ó bá mọ Ìwòrì Méjì ni ó mọ ìtàn bí Ọ̀rúnmìlà ṣe fi ayé sílẹ̀. Ọmọ mẹ́jọ ni ó bí. Ní ọjọ́ ọdún rẹ̀ kan, ó pè wọ́n jọ, wọ́n sì ń foríbalẹ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan Ọlọ́wọ̀, tí ó jẹ́ àbíkẹ́yìn wọn, ó kọ̀, kò foríbalẹ̀. Inú bí Ọ̀rúnmìlà, ó sì padà sí ọ̀run. Ayé dàrú lẹ́yìn rẹ̀: òjò kò rọ̀, aboyún kò bí, àgàn kò rí ọmọ gbé pọ̀n. Àwọn ọmọ bá lọ bẹ̀ ẹ́. Kò padà sí ayé mọ́, ṣùgbọ́n ó fún wọn ní ikin mẹ́rìndínlógún, ó ní ohunkóhun tí wọ́n bá ń fẹ́, ikin ni kí wọ́n máa bi.

A ti gbọ́ ìtàn yìí títí ó fi mọ́ wa lára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan nínú rẹ̀. Ikin mẹ́rìndínlógún, ọmọ mẹ́jọ. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n jókòó láti pín in, méjì-méjì ni ì bá kàn wọ́n, pínpín náà ì bá sì gún régé. Ẹnikẹ́ni kò ní lè sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ṣùgbọ́n babaláwo wo ni yóò fi ikin méjì dífá? Ọjọ́ tí wọ́n bá pín in ni ogún náà ìbá ti parí. Nítorí pé wọn kò pín in ni àwa tí a kì í ṣe ọmọ mẹ́jọ yẹn fi ń jẹ nínú rẹ̀ títí di òní. Oríṣi ogún méjì ni ó wà, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀kan wà tí ó jẹ́ pé bí a bá pín in, olúkúlùkù a rí tirẹ̀ jẹ. Òmíràn wà tí ó jẹ́ pé bí a bá pín in, ó kú. Iṣẹ́ àgbà ni láti mọ èyí tí ó wà lọ́wọ́ òun, kí ó sì sọ ọ́ kí ó tó lọ.

Bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe ogún

Àwọn bàbá wa kò ṣe aláìmọ̀ ní ọ̀ràn yìí. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ilé ẹbí àti ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan. Olórí ẹbí ni ó ń mójú tó o fún àwọn tí ó wà láàyè, fún àwọn tí ó ti kú, àti fún àwọn tí a kò tí ì bí. Ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá fi òógùn ojú rẹ̀ kó jọ ni àwọn ọmọ ń pín, ọ̀nà méjì ni wọ́n sì ń gbà pín in. Bí wọ́n bá pín in ní ìdí-igi, iye aya tí olóògbé fẹ́ tí wọ́n bímọ fún un ni a ń wò, ìpín kan fún ìdí kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá pín in ní orí-ò-jorí, iye ọmọ ni a ń wò. Ọjà, igbó òrìṣà àti odò kò sí nínú ogún ẹnikẹ́ni. Ìlú ni ó ni wọ́n.

Bí ẹnì kan bá fẹ́ yọ nǹkan sọ́tọ̀ fún àwọn tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀, yóò pe àwọn àgbà, yóò sọ ọ́ létí wọn, ọ̀rọ̀ náà yóò sì dúró. Ẹnu tó nígbà náà. Àwọn tí ó gbọ́ kò jìnnà síra wọn, ilẹ̀ kò tí ì di ohun tí à ń fi owó rẹpẹtẹ rà, ẹ̀rù ìbúra sì ń ba àwọn ènìyàn.

Ayé yí padà. Ilẹ̀ di owó, ogún di ẹjọ́. Ẹjọ́ kan wà tí àwọn agbẹjọ́rò ilẹ̀ wa kò lè gbàgbé. Ọkùnrin kan kú ní Èkó ní ọdún 1940, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ìdí-igi ni àbí orí-ò-jorí? Ọ̀rọ̀ náà gun ilé-ẹjọ́ kan dé òmíràn, ó kọjá òkun, ó sì di ọdún 1962 kí àwọn adájọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù tó sọ pé ìdí-igi ni àṣà tí ó wà nílẹ̀. Ọdún 22 gbáko lẹ́yìn ikú bàbá! Bí àwọn ọmọ tí ó yẹ kí wọ́n jogún bá ń jà fún irú àkókò bẹ́ẹ̀, kí ni ìrètí aláìní, ọmọ iṣẹ́ àti ìlú, tí kò sí ìdí kankan tí a lè kà wọ́n mọ́?

Ilẹ̀ ewé olúwo mi

Mo sọ pé mo ti fi ojú ara mi rí i. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo jẹ́ nígbà tí bàbá mi fà mí lé olúwo mi lọ́wọ́, ọdún mẹ́rìnlá ni mo sì lò lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ilé rẹ̀ ni ilẹ̀ kan wà, ó tó pulọ́ọ̀tì mẹ́fà, tí ó fi òógùn ara rẹ̀ rà. Ibẹ̀ ni ó gbin àkòko, ìyeyè, ahùn, pèrègún, òdúndún, tẹ̀tẹ̀ àti rinrin sí, àti ọ̀pọ̀ ewé mìíràn tí ó jẹ́ pé inú igbó jíjìn ni à bá ti máa wá wọn. Nínú ilẹ̀ yẹn ni mo ti kọ́ ewé. Kò fi ìwé kọ́ mi. Yóò ní kí n já a, kí n gbóòórùn rẹ̀, kí n pe orúkọ rẹ̀ àti ọfọ̀ rẹ̀.

Lọ́dọọdún, bí a bá parí ọdún Ifá, bàbá á na ọwọ́ sí ilẹ̀ náà, á ní, "Èyí kì í ṣe ti ilé mi. Ti gbogbo awo ni." Gbogbo wa á dáhùn pé àṣẹ. Kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ta ni yóò sọ fún irú àgbà bẹ́ẹ̀ pé kí ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀?

Nígbà tí ó papò dà, àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́kànlá, láti inú ìyàwó mẹ́ta, bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ilé ìyálé tí ó ní ọmọ mẹ́fà fẹ́ orí-ò-jorí. Ilé ìyàwó kejì tí ó ní ọmọ méjì fẹ́ ìdí-igi. Ọ̀rọ̀ dé ilé-ẹjọ́. Èmi àti àgbà awo kan lọ jẹ́rìí pé bàbá ti fi ilẹ̀ ewé fún àwọn awo. Adájọ́ kò sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò níye. Ó kàn ní kí a fi ààlà ilẹ̀ tí bàbá sọ hàn án ni. Mo tọ́ka síbi igi ìyeyè. Àgbà awo kejì tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ kànga. Irọ́ kọ́ ni ẹnikẹ́ni nínú wa ń pa. Bí bàbá ṣe ń na ọwọ́ lọ́dọọdún, kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí ọwọ́ náà dé. Ẹ̀rí wa kò bá ara mu, ilẹ̀ sì di ti àwọn ọmọ. Wọ́n tà á. Ṣọ́ọ̀bù ni ó wà níbẹ̀ lónìí. Ọpọ́n Ifá tí bàbá jogún lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò ohun àtijọ́, a kò sì mọ orílẹ̀-èdè tí ó wà.

Èmi kò dá àwọn ọmọ náà lẹ́bi. Ohun tí kò ní olúwa lórí ìwé, ọmọ á rò pé ti òun ni. Ara mi àti ẹ̀yin awo ni mo dá lẹ́bi, àwa tí a ń ṣe àṣẹ lọ́dọọdún tí a kò mú bírò.

Àwọn Nàgó tí ó kọ ìwé ogún ní Bàhíà

Àwọn ará wa tí ogun kó tí a sì tà lọ sí Bàhíà, ní ilẹ̀ Brazil, kọ́ ẹ̀kọ́ ìwé yìí ṣáájú wa. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ nínú wọn, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí wọ́n ru ẹrù tàbí tí wọ́n kiri ọjà títí wọ́n fi ra òmìnira ara wọn, ni ó lọ síwájú akọ̀wé ìjọba láti ṣe ìwé ogún. Wọn kò ní ẹbí ńlá tí yóò jókòó pín dúkìá wọn. Nítorí náà, wọ́n kọ ọ́ kedere: iye báyìí fún ìsìnkú mi, iye báyìí fún ẹgbẹ́ tí mo wà, iye báyìí fún àwọn òtòṣì. Àwọn kan nínú wọn tí ó ní ẹrú tiwọn kọ ọ́ pé kí ẹrú náà gba òmìnira. Èyí kò fọ ìwà ẹrú mọ́, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹni tí a ti gba ohun gbogbo lọ́wọ́ rẹ̀ rí ni ó kọ́kọ́ mọ iyì pé kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ibi tí ohun ìní rẹ̀ yóò lọ.

Ìwé ogún wọn kò sọnù. Ó wà nínú àpótí ìwé ìjọba Bàhíà. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó jókòó tì wọ́n, tí ó kà wọ́n tí ó sì fi wọ́n kọ ìtàn, ni babaláwo kan tí òun náà yóò fi tirẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ni mo ń lọ.

Ọkùnrin tí Ifá tún bí

Ìlú Paris, ní ilẹ̀ Faransé, ni a ti bí Pierre Verger ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 1902, sínú ìdílé olówó. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní ọdún 1932, ó gbé ẹ̀rọ ìyàwòrán kọ́ ọrùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri àgbáyé. Ìrìn-àjò yìí ni ó gbé e dé Salvador ní Bàhíà ní oṣù kẹjọ ọdún 1946. Níbẹ̀ ni ó ti rí àwọn ọmọ Nàgó tí ń bọ Ṣàngó, Ọ̀ṣun àti Ọbàtálá, ọkàn rẹ̀ sì fà sí i. Ó fẹ́ mọ orísun wọn, ó sì rékọjá sí Dàhòmì, tí í ṣe ilẹ̀ Benin òde òní, àti ilẹ̀ wa.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ń lọ tí ó ń bọ̀ lórí òkun. Ní 1952, ó gbé ìwé láti ọ̀dọ̀ Aláàfin Ọ̀yọ́ lọ fún Mãe Senhora, ìyálórìṣà ilé Opô Afonjá ní Salvador, èyí tí ó fi í joyè Ìyá Nàsó. Mãe Senhora náà fún Verger ní oyè Ojú Ọba nínú ilé Ṣàngó. Ní 1953, ní ìlú Kétu, ó tẹ Ifá, wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí. Ẹ̀yin náà mọ ìtumọ̀ rẹ̀: Ifá tún mi bí. Ó fi orúkọ náà sí àwọn kan nínú ìwé rẹ̀.

Kì í ṣe ẹni tí ó gba orúkọ lásán. Ó jókòó ti àwọn babaláwo àti àwọn oníṣègùn, ó ń kọ orúkọ ewé, ohun tí a ń pò mọ́ ọn, àti ọfọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1967, Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ ìwé rẹ̀ kan lórí ewé Ọ̀sányìn jáde, ó sì tún wá ṣiṣẹ́ ní Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìwé ńlá rẹ̀ lórí òwò ẹrú láàárín etíkun wa àti Bàhíà jáde ní 1968. Nígbà tí ìwé rẹ̀ tí ó pè ní *Ewé* jáde ní 1995, irínwó ó lé mẹ́tàdínláàádọ́ta, èyí tí í ṣe 447, ni ó tẹ̀ sínú rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ 2,216 tí ó ti kó jọ.

Ọdún 1988

Ní àkókò tí ó fi kó gbogbo èyí jọ, inú ilé kékeré kan ní àdúgbò Engenho Velho de Brotas, láàárín àwọn mẹ̀kúnnù, ni ó ń gbé. Àga, tábìlì, ibùsùn, àti àpótí lórí àpótí. Ohun tí ó wà nínú àpótí ni ọrọ̀ rẹ̀: fíìmù fọ́tò tí ó lé ní 62,000, ìwé, lẹ́tà, àti àkọsílẹ̀ ẹnu àwọn àgbà wa.

Kò dúró de ọjọ́ ikú. Ní 1988, nígbà tí ó wà ní ẹni ọdún 85, ó dá àjọ kan sílẹ̀ lábẹ́ òfin Brazil, tí a ń pè ní Fundação Pierre Verger. Ó fi àkójọ iṣẹ́ rẹ̀ gbogbo fún àjọ náà, ó sọ ilé tí ó ń gbé di ibùjókòó rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ẹ wo ọgbọ́n yìí dáadáa. Ó ń gbé inú ilé, ṣùgbọ́n ilé kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Ó ń lo àwọn fọ́tò, ṣùgbọ́n àjọ ni ó ni wọ́n. Ó fi nǹkan bí ọdún mẹ́jọ kọ́ àwọn tí yóò tọ́jú ogún náà, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó ń tọ́ wọn sọ́nà. Nígbà tí ó kú ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 1996, ní ẹni ọdún 93, kò sí ohun tí ó kù láti pín. Gbogbo rẹ̀ ti dé ibi tí ó ń lọ.

Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ mọ bí ọdún òrìṣà ṣe rí ní Kétu, Ọ̀ṣogbo tàbí Ọ̀yọ́ ní àádọ́rin ọdún sẹ́yìn lè rí i nínú àkójọ náà. Àwọn ọmọ àdúgbò, tí òbí wọn kò lówó, ń kọ́ ìlù, ijó àti iṣẹ́ ọwọ́ níbẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ọkùnrin kan kú, àdúgbò kan ń jogún.

Ìbéèrè tí ó ń dùn mí

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kì í jẹ́ kí n sùn bí mo bá rántí ìtàn yìí. Ẹnu ta ni Fátúmbí ti gbọ́ àkọsílẹ̀ 2,216 yẹn? Ẹnu àwọn bàbá wa ni. Babaláwo tí ó pe ọfọ̀ fún un ní ọ̀sán, ní orí ẹní, tí ó ní ilẹ̀ ewé bí ti olúwo mi, tí ó ní ọpọ́n àti ikin, níbo ni tirẹ̀ wà? A ti pín in. A ti tà á. Ohun tí ó kù nínú ìmọ̀ ọ̀pọ̀ wọn ni èyí tí àlejò kọ sílẹ̀, tí ó sì wà ní òdì kejì òkun, nítorí pé àlejò náà mọ bí a ṣe ń fi ogún sílẹ̀, àwa onílé kò sì mọ̀ ọ́n.

Mo mọ̀ pé àwọn awo kan ń bínú pé Fátúmbí tú ọ̀pọ̀ ọfọ̀ síta. Èmi náà gbà pé kì í ṣe gbogbo ohun ni ó yẹ ní ojú gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò fi nǹkan sílẹ̀ kò ní ẹnu láti bá ẹni tí ó fi í sílẹ̀ jà. Àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, fúnra rẹ̀ ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé Fátúmbí kò bímọ, pé ó rọrùn fún un. Òótọ́ ni pé kò bímọ. Òfin Brazil pàápàá sọ pé ẹni tí ó ní ọmọ kò lè fi ju ìdajì ohun ìní rẹ̀ tọrẹ. Àwọn ará wa Mùsùlùmí náà sì mọ̀ pé ìdá kan nínú mẹ́ta ni òpin ohun tí ènìyàn lè yọ kúrò lọ́wọ́ àwọn tí yóò jogún rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní kí ebi pa ọmọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ilé wà lórí rẹ̀ yàtọ̀ sí ilẹ̀ ewé. Owó yàtọ̀ sí ọpọ́n. Fi ohun tí ó ṣeé pín fún ọmọ, kí o sì gba ohun tí kò ṣeé pín là.

Bí a ṣe lè ṣe é

Mo ti lọ jókòó ti agbẹjọ́rò nítorí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tí ó kọ́ mi.

Èkíní, ẹ ya ohun tí ó jẹ́ tiyín sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó jẹ́ ti ẹbí. Òfin ilẹ̀ Yorùbá kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ìwé ogún yọ ilẹ̀ ẹbí fún ẹlòmíràn. Bí ilẹ̀ ẹbí bá wà nínú rẹ̀, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pẹ̀lú yín nígbà tí ẹ ṣì wà láàyè.

Èkejì, ẹ má kọ orúkọ ènìyàn sí ibi tí ó yẹ kí ẹ kọ orúkọ ẹgbẹ́. Bí ẹ bá kọ ọ́ sí orúkọ ààrẹ, àwọn ọmọ ààrẹ lè jogún rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí a ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC, tí ó ní àwọn alágbàtọ́jú tí òfin mọ̀, ni ó lè di ilẹ̀ mú láti ìran dé ìran.

Ẹ̀kẹta, ẹ kọ ààlà rẹ̀, ẹ kọ ìwúlò rẹ̀, ẹ sì kọ ibi tí owó ìtọ́jú rẹ̀ yóò ti wá. Ilẹ̀ ewé tí kò ní owó ìro oko, ìgbẹ́ ni yóò dà. Ẹ kọ èyí tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, àti èyí tí ó jẹ́ ti awo nìkan. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ jáde ní igbódù, ẹ má jẹ́ kí ó dé ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí.

Ẹ̀kẹrin, ẹlẹ́rìí méjì ni yóò wà níbẹ̀ pa pọ̀ nígbà tí ẹ bá ń fọwọ́ sí ìwé ogún, tí àwọn náà yóò sì fọwọ́ sí i lójú yín. Ẹ má fi ẹni tí yóò jẹ nínú ogún náà ṣe ẹlẹ́rìí, nítorí ìpín rẹ̀ yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́ sí ọ́fíìsì tí ń tọ́jú ìwé ogún ní ilé-ẹjọ́ gíga.

Ẹ̀karùn-ún, èyí tí ó bá ṣeé ṣe, ẹ ṣe é nísinsìnyí, gẹ́gẹ́ bí Fátúmbí ti ṣe é. Ẹ̀bùn ojú ayé kì í dá ẹjọ́ sílẹ̀ bí ti ẹ̀yìn ikú.

Ẹ̀kẹfà, ẹ pe àwọn ọmọ yín, ẹ sọ ọ́ fún wọn. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ibi tí mo bá a dé

N kò ní pàṣẹ ohun tí n kò tí ì ṣe. Lọ́dún tí ó kọjá, mo pe àwọn ọmọ mi. Mo ní ìwé tí mo ti ń kọ láti ìgbà tí mo ti kúrò lọ́dọ̀ olúwo mi, ìwé ẹ̀kọ́ mẹ́tàdínlógún tí ewé àti ẹsẹ̀ Ifá kún inú wọn, ti ẹgbẹ́ yìí ni. Mo ní ọpọ́n mi, ti ẹgbẹ́ yìí ni, ẹni tí ẹgbẹ́ bá sì rí i pé ó mọ̀ ọ́n lò ni kí ó máa lò ó. Àkọ́bí mi dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ fi wá sílẹ̀ ni?" Mo ní, "Rárá, ọmọ mi. N kò fẹ́ kí ẹ̀yin àti àwọn awo pàdé ní kóòtù ni." Ó dákẹ́. Nígbà tí ó yá, ó ní kí n jẹ́ kí òun náà wà lára àwọn tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi.

Ilẹ̀ ni ó ṣẹ́kù. Èyí tí mo gbin ewé sí, ilẹ̀ ẹbí ni, olórí ẹbí wa kò sì tí ì fọwọ́ sí i. Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mẹta. N óò tún lọ. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, kí ẹ sì lọ bẹ ti yín.

Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Kí Ọ̀rúnmìlà má jẹ́ kí ìmọ̀ tí ó fi lé wa lọ́wọ́ kú mọ́ wa nínú. Kí ó fún wa ní ẹ̀mí gígùn láti tò ó, láti kọ ọ́, àti láti fà á lé ọwọ́ tí kò ní tà á. A ó ṣe ọdún púpọ̀ láyé. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ o.